Ilé ìgbafẹ́ Disney: Ìṣákọ́lẹ̀ ni kí wọ́n san, kí wọ́n má ra ilẹ̀ àjogúnbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Tótó ó ṣe bí òwe níwájú ẹ̀yin àgbà, akọ̀ròyìn yìí fẹ́ fi kún un pé ilẹ̀ ló yẹ kí á wò kí á tó kọ́lé. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ilé ìgbafẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Disney ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń kọ́ fún àwọn ìdílé tó bá fẹ́ lo ìsinmi. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti parí ọ̀kan báyìí, ìbéèrè tó máa ń gba ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀ ni pé, ibo ló kàn? Àwọn kan á ní etíkun ni kí wọ́n kọ́ èyí tó kàn sí. Àwọn mìíràn á ní orí òkè tí yìnyín wà, tàbí àárín ìlú ńlá bíi New York. Lójú tèmi, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú èyí: ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, kí sì ni yóò ṣẹ́ kù sọ́wọ́ onílẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán?

Ẹ lè máa sọ pé kí ló kan àgbẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé ìgbafẹ́ àwọn Òyìnbó. Ó kàn án dáadáa. Àkọ́kọ́, àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí wọ́n ń polówó ọjà yìí fún. Ìkejì, ìtàn ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí olórí ẹbí kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní mọ ibi tó ń lọ kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọjà náà ṣe rí. Ọdún 1991 ni Disney dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Disney Vacation Club sílẹ̀. Ilé ìgbafẹ́ àjọpín, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní timeshare, ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ má rò pé ilé gan-an ni oníbàárà ń rà o. Àkókò ló ń rà. Ìdílé kan á san owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì fún wọn ní iye póìntì kan tí wọ́n lè fi gba yàrá lọ́dọọdún nínú àwọn ilé náà. Bí wọ́n bá lo ti ọdún yìí tán, òmíràn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí àwọn tó jọ ń dá àjọ ṣe máa ń kó o lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìdílé wọ̀nyí ṣe ń gba yàrá lọ́wọ́ ara wọn. Yàtọ̀ sí owó àkọ́kọ́ yẹn, owó ìtọ́jú ilé tún wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa san lọ́dọọdún, yálà wọ́n lọ síbẹ̀ o, tàbí wọn kò lọ. Bí ẹni tó rà á bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọdọọdún yẹn náà á tẹ̀lé ogún ọ̀hún wọlé.

Ọjà náà kò rọrùn rárá. Lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà gan-an, iye owó póìntì kan nínú àwọn ilé tuntun ti kọjá 200 dọ́là. Ẹni tó bá ra 150 póìntì ti ná ju 30,000 dọ́là lọ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kó sì tó ra oúnjẹ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ nìyí. Àdéhùn náà ní òpin. Ẹ̀tọ́ tó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni wọ́n máa ń tà, wọn kì í ta ilẹ̀ ráúráú fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ra ẹ̀tọ́ sí ilé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Old Key West ní ìpínlẹ̀ Florida, ọdún 2042 ni tiwọn yóò dópin, àfi àwọn tó sanwó kí wọ́n lè sún un di ọdún 2057. Ti Aulani tó wà ní Hawaii di ọdún 2062. Ti Riviera di ọdún 2070. Lọ́jọ́ tí àdéhùn bá pé, póìntì ti tán nìyẹn, ilé àti ilẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ Disney.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń dáko mọ irú ètò yìí, nítorí pé ó ti wà láàrin wa kí Òyìnbó tó dé. Àlejò tó bá gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ onílẹ̀ á máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ó lè pẹ́ níbẹ̀, ó lè bímọ síbẹ̀, ó lè jẹ ìkórè rẹ̀ láìsí ìyọlẹ́nu, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun. Onílẹ̀ náà mọ̀ pé bí òun bá kú, àwọn ọmọ òun yóò bá a níbẹ̀. Disney fi ara rẹ̀ sí ipò onílẹ̀, ó wá fi àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ipò ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. N kò bá wọn wí fún ìyẹn. Ẹni tó mọ iyì ilẹ̀ ni kì í tà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ẹlòmíràn, kí àwọn náà fara mọ́ ipò ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Disney kò tíì ní àìríbi-kọ́lé-sí. Láàrin ọdún 1960 sí 1969 ni ilé-iṣẹ́ náà ra ilẹ̀ tó ju 27,000 éékà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Orlando ní Florida. Orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi ń rà á, kí àwọn tó ni ilẹ̀ má baà mọ ẹni tó ń rà á, kí wọ́n má sì gbówó lérí. Orí ilẹ̀ yìí ni ọgbà ìgbafẹ́ wọn tó lókìkí jù wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ilé àjọpín wọn wà.

Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń jáde kúrò nítòsí àwọn ọgbà wọn. Ní ọdún 1995, wọ́n ṣí ọ̀kan sí Vero Beach létíkun Florida. Ní ọdún 1996, wọ́n ṣí òmíràn sí erékùṣù Hilton Head ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Ní ọdún 2009, wọ́n ra ilẹ̀ sí National Harbor ní ìpínlẹ̀ Maryland, nítòsí Washington, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2011, wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́. Ọdún 2011 yẹn náà ni Aulani ṣí ní Hawaii. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ àwọn ọgbà wọn ni wọ́n ń kọ́lé sí: Riviera ní ọdún 2019, ilé tuntun nínú Disneyland Hotel ní California ní ọdún 2023, àfikún sí Polynesian ní ọdún 2024, àti Lakeshore Lodge tí wọ́n kéde pé ọdún 2027 ni yóò ṣí. Bí ọkàn àwọn oníbàárà bá tún fà sí etíkun, Hilton Head ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Erékùṣù náà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní èèyàn tẹ́lẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Gullah ló ń gbé ibẹ̀, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà wá gbin ìrẹsì àti òwú. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba erékùṣù náà ní oṣù kọkànlá ọdún 1861. Nígbà tó di ọdún 1862, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìlú kan dó tí wọ́n ń pè ní Mitchelville. Wọ́n yan olórí fúnra wọn, wọ́n sì ṣe é lófin pé gbogbo ọmọdé gbọ́dọ̀ lọ sílé-ìwé. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ wọn fi òógùn ojú wọn ra ilẹ̀, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń dáko, wọ́n ń fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn.

Kò sí afárá tó so erékùṣù náà mọ́ ìlú nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀. Ní ọdún 1956 ni wọ́n ṣe afárá. Láìpẹ́ sígbà náà, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Charles Fraser bẹ̀rẹ̀ Sea Pines, ilé olówó létíkun tí wọ́n fi géètì àti olùṣọ́ sí. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún ní orúkọ Plantation, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe oko tí wọ́n ti fi baba ńlá àwọn Gullah ṣẹrú. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà kún tẹ́lẹ̀ wá di wúrà. Bí owó ilẹ̀ ṣe ń gòkè ni owó orí tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀ ń gòkè. Àgbẹ̀ tí kò ta ohunkóhun, tí kò sì lówó kún owó, wá ń san owó orí bí olówó. Ẹni tí kò bá rí i san, ìjọba á lu ilẹ̀ rẹ̀ ní gbànjo.

Ìyọnu kejì ló jọ ti ilé wa jù. Ọ̀pọ̀ Gullah kì í kọ ìwé ìhágún. Bí baba bá kú, ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ. Bí àwọn ọmọ bá kú, ó di ti gbogbo ọmọ-ọmọ, láìpín in. Ilẹ̀ ẹbí ni, bó ṣe wà lọ́dọ̀ tiwa gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà kò mọ olórí ẹbí. Lójú òfin náà, ìpín kóówá wà lọ́tọ̀, onítọ̀hún sì lè tà á fún ẹni tó bá wù ú. Bí oníṣòwò ilẹ̀ bá fẹ́ gba ilẹ̀ kan, ó kàn ní láti wá ọmọ-ọmọ kan tó wà ní New York tàbí Chicago, tí kò tẹ ilẹ̀ náà rí, kó ra ìpín tirẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Lọ́jọ́ kejì, oníṣòwò náà ti di ará ilé. Á gba kóòtù lọ, á ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà. Kóòtù á ní ilẹ̀ tí èèyàn ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé pín, ẹ tà á, kí ẹ pín owó rẹ̀. Oníṣòwò náà ló lówó jù níbẹ̀, òun náà ni yóò sì rà á. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ti àwọn Gullah, àti ọmọ tí wọ́n kọ́ àti èyí tí wọn kò kọ́ ni wọ́n jọ ń pàdánù ilẹ̀ náà.

Lọ́dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá, òfin ìbílẹ̀ tí àwọn kóòtù Nàìjíríà ti fọwọ́ sí kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òwò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láì sọ fún àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè pe ẹjọ́ kí kóòtù tú u ká. A mọ̀ pé àwọn kan ń rú òfin yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òfin náà wà níbẹ̀, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹbí sílẹ̀. Ní South Carolina, ọdún 2016 ni wọ́n tó ṣe òfin tó fún àwọn ajogún yòókù láǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀. Orúkọ Clementa Pinckney ni wọ́n fi sọ òfin náà, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà tí wọ́n yìnbọn pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Charleston ní ọdún 2015. Nígbà tí òfin yìí fi dé, ọgọ́ta ọdún ti kọjá lórí afárá.

Ohun tó wá dun àwọn èèyàn náà jù ni ọ̀rọ̀ sàárè. Itẹ́ òkú àwọn Gullah wà nínú Sea Pines àti nínú àwọn àdúgbò olówó mìíràn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ tọ́jú sàárè baba rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró lẹ́nu géètì, kó sọ fún olùṣọ́ ibi tó ń lọ, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Kí ọmọ yín máa tọrọ àyè kó tó dé ojúbọ ilé yín tàbí ibi tí ẹ sin ìyá yín sí!

Àwọn Gullah kì í ṣe àjèjì sí wa. Lóòótọ́, Sierra Leone, Senegambia àti Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti wá, ṣùgbọ́n Yorùbá wà láàrin wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lorenzo Dow Turner, aláwọ̀ dúdú onímọ̀ èdè, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1949 lórí èdè wọn, ó sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ àti orúkọ tó wá láti inú èdè Yorùbá nínú rẹ̀. Ní agbègbè Beaufort kan náà tí Hilton Head wà ni Ọ̀yọ́túnjí wà, ìlú tí Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba àṣà àti ẹ̀sìn Yorùbá, tẹ̀ dó ní ọdún 1970. Nítorí náà, ìtàn ilẹ̀ Beaufort kan ọmọ Yorùbá níbi gbogbo.

Agbọ́tẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. N kò sọ pé Disney ló gba ilẹ̀ àwọn Gullah. Nígbà tí ilé ìgbafẹ́ wọn ṣí ní ọdún 1996, ogójì ọdún ti kọjá lórí afárá náà, ilẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá wá jókòó síbi tí wọ́n ti tẹ́ tábìlì sílẹ̀ fún un kò lè sọ pé òun kò mọ ẹni tó dáná. Gbogbo ilé ìgbafẹ́ tó bá tún dé ń gbé owó ilẹ̀ àti owó orí ga sí i fún àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Ẹlòmíràn lè sọ pé iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ilé ìgbafẹ́ kò pèsè iṣẹ́ ni? Ó pèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ wo ni? Ọ̀pọ̀ tó ń tún ibùsùn ṣe, tó ń fọ abọ́, tó ń gé koríko ní Hilton Head ni kò lè gbé orí erékùṣù náà mọ́ nítorí owó ilé. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kí ilẹ̀ tó mọ́, òun náà ni wọ́n ń wọ̀ padà lálẹ́. Ẹni tó ti ń pẹja fúnra rẹ̀ létí omi baba rẹ̀ wá di ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n wọ́n lè lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló lè lé ọmọ onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tí wọn kò tà?

Àwọn kan tún lè sọ pé ètò ìṣákọ́lẹ̀ kò lè bá òwò ńlá mu. Kí wọ́n wo Hawaii. Ọmọ ọba ilẹ̀ náà kan, Bernice Pauahi Bishop, kú ní ọdún 1884, ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìran rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni Kamehameha Schools ti jáde ní ọdún 1887. Títí di òní, ilẹ̀ tó ju 360,000 éékà lọ ló wà lọ́wọ́ ilé-ìwé yìí. Lára rẹ̀ ni ilẹ̀ tí ilé ìtajà ńlá Royal Hawaiian Center wà lórí rẹ̀ ní Waikiki, ibi tí àwọn arìnrìn-àjò pọ̀ sí jù ní gbogbo Hawaii. Àwọn oníṣòwò ń lo ilẹ̀, wọ́n ń sanwó, wọ́n sì ń jèrè. Àwọn ọmọ Hawaii ń fi owó náà kàwé. Ó ti lé ní 140 ọdún tí obìnrin náà ti kú, ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Disney gan-an fi hàn ní Hawaii pé òun lè kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ onílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Aulani, wọ́n pe àwọn àgbà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ náà jọ. Ilé ọtí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ʻŌlelo Room, èdè Hawaii ni wọ́n kọ sára àwọn nǹkan inú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ń sọ ọ́. Ní ọdún 1896, wọ́n ti fòfin lé èdè yìí kúrò ní ilé-ìwé. Ọdún 1978 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú èdè ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Àwa tí à ń du kí Yorùbá má kú lẹ́nu àwọn ọmọ wa mọ iyì ohun tí wọ́n ṣe yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbé Ìjele, egúngún ńlá àwọn ará wa Ìgbò, sínú Animal Kingdom Lodge ní Florida. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ èdè onílẹ̀ sára ògiri àti gbígbé ère rẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ kò tó. Onílẹ̀ fẹ́ kí ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ibì kan náà wà tó yẹ kí wọ́n gbàgbé pátápátá, ìyẹn St. Helena, erékùṣù mìíràn ní agbègbè Beaufort. Àwọn Gullah ibẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hilton Head, wọ́n sì figbe ta. Ní ọdún 1999, ìjọba agbègbè náà ṣe òfin pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́ àdúgbò onígéètì, pápá gọ́ọ̀fù tàbí ilé ìgbafẹ́ ńlá síbẹ̀. Ní ọdún 2023, oníṣòwò kan fẹ́ kí wọ́n yọ ilẹ̀ tòun kúrò lábẹ́ òfin náà, ìgbìmọ̀ agbègbè náà sì kọ̀ fún un. Ilẹ̀ tí àwọn tó ni ín bá ti sọ pé àwọn kò fẹ́ ilé ìgbafẹ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wọn.

Kí ni mo wá ń sọ gan-an? Àkọ́kọ́, kí Disney máa kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tó pọ̀ ní Florida, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọdé fẹ́ lọ. Owó ìtọ́jú ọdọọdún ti Vero Beach, tó wà létíkun tó jìnnà sí ọgbà, wà lára èyí tó ga jù láàrin gbogbo àwọn ilé wọn, kò sì sí oníbàárà tí ìyẹn dùn mọ́ nínú. Ìkejì, bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ dé etíkun tàbí erékùṣù tó jẹ́ ogún ìdílé, kí wọ́n yá ilẹ̀ náà, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kí iye ọdún tí wọ́n bá yá a sì bá iye ọdún tí wọ́n tà fún oníbàárà mu. Lọ́jọ́ tí àdéhùn oníbàárà bá parí, kí ilẹ̀ àti ilé orí rẹ̀ padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìkẹta, kí wọ́n má ṣe bá ẹyọ ẹnì kan dúnàádúrà lẹ́yìn ẹbí. Kí gbogbo ẹbí jókòó, kí wọ́n ní agbẹjọ́rò tiwọn. Ìkẹrin, kí ọ̀nà sàárè àti ọ̀nà etí omi wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ láìsí géètì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ètò yìí ti le jù, kó rántí pé ohun tí Disney ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n ní kó sanwó, kó gbádùn ilé, kó sì dá a padà lọ́jọ́ tó bá pé. Ohun tó dára fún ìdílé tó ń san 30,000 dọ́là kò yẹ kó burú fún ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á.

Ẹ̀yin òbí wa nílé náà ní ipa tiyín. A kò tíì gbàgbé Maroko ní Èkó. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ náà wó àdúgbò yẹn, wọ́n sì lé àwọn èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 jáde níbẹ̀. Ilé àwọn olówó ló wà níbẹ̀ lónìí. Etíkun wa láti Badagry títí dé Ìlàjẹ ṣì gùn, ojú àwọn oníṣòwò sì wà lára rẹ̀. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan wọn ilẹ̀ wọn, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ni ín sílẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé ìhágún níbi tó bá yẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun mọ ààlà ilẹ̀ wọn. Bí ọmọ yín kan ní Amẹ́ríkà bá sọ pé òun fẹ́ ra ilé ìgbafẹ́ àjọpín, ẹ bi í léèrè ọdún tí àdéhùn náà yóò parí àti iye tí yóò máa san lọ́dọọdún. Òfin Florida fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2042, ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà Disney ní Hilton Head yóò dópin. Ilé-iṣẹ́ náà yóò gba ilé rẹ̀ padà láìjà láìta, nítorí pé ó ti fi ọgbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n bá onílẹ̀ tọwọ́ bọ̀ níbi tí wọ́n bá tún fẹ́ kọ́lé sí, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ náà lè ní ọjọ́ tí wọn yóò gba ilẹ̀ baba wọn padà.